Alágbàwí fún Ẹni tí Kò Lówó: Ẹ̀tọ́ ni, Kì í Ṣe Sàráà
Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ìjọ ní ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún Jùbélì

 

Ẹni tó bá ń ka Ìwé Mímọ́ mọ̀ pé Jùbélì ju ọjọ́ jíjẹ àti mímu lọ. Nínú òfin tí Ọlọ́run fi lé Mósè lọ́wọ́, bí ọdún 49 bá ti pé, wọn a fun fèrè láti ya ọdún 50 sí mímọ́. Ilẹ̀ tí òṣì mú kí ẹnì kan tà a padà sọ́wọ́ ìdílé rẹ̀, ẹni tó sì ti di ẹrú a padà sí ilé bàbá rẹ̀. Olúwa wa fúnra rẹ̀, nígbà tó dìde kàwé nínú sínágọ́gù ní Násárẹ́tì, ibi tí wòlíì Aísáyà ti kéde ìtúsílẹ̀ fún àwọn òǹdè ni ó ṣí kà. Nítorí náà, bí a bá ń ṣe Jùbélì tí ọkàn wa kò sì dé ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n, ìdajì àjọ̀dún ni a ṣe.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí dá lórí ẹni tí ìjọba mú, tí wọ́n gbé lọ síwájú adájọ́, tí kò sì ní owó tí yóò fi gba agbẹjọ́rò, ẹni tí àwa níhìn-ín ń pè ní avocat. Ṣé ó yẹ kí ìlú fi owó ìlú gba agbẹjọ́rò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Èsì tiwa ni pé ó yẹ, àti pé gbèsè tí ìlú jẹ ni ìlú ń san bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe sàráà ni ó ń ṣe.

Àwọn àgbà wa kò ṣe aláìmọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ni wọ́n sọ pé agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Bí ọ̀ràn bá dé iwájú baálé, tàbí iwájú àwọn ìjòyè ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, èdè tí a fi bí olùjẹ́jọ́ ni wọ́n fi ń bi í léèrè. Ẹbí rẹ̀ jókòó tì í, àwọn tó mọ ìwà rẹ̀ láti kékeré wà níbẹ̀, ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ a sì máa rí ẹni bá a sọ ọ́. Òfin àti àṣà tí wọ́n fi ń dá ẹjọ́ náà kò ṣàjèjì sí i.

Ilé ẹjọ́ òde òní yàtọ̀ sí èyí. Èdè Faransé ni èdè ìjọba ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òun náà ni wọ́n fi kọ òfin àti ìwé ẹ̀sùn. Àgbẹ̀ tí kò gbọ́ Faransé yóò máa gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀ láti ẹnu ògbufọ̀. Ẹni tó ń bá a ṣẹjọ́ kì í ṣe aládùúgbò rẹ̀ mọ́, Ìjọba ni, Ìjọba sì ti fi owó ìlú gba ọ̀mọ̀wé òfin tí a ń pè ní procureur láti sọ̀rọ̀ fún un. Àwọn ọlọ́pàá tó wádìí ọ̀ràn náà, owó ìlú ni wọ́n ń gbà. Ilé tí wọ́n jókòó sí, owó ìlú ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni owó ìlú kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú ilé náà, ẹni náà sì ni a fẹ́ gba òmìnira rẹ̀. Yorùbá ní ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mé jẹ. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn yóò ṣe kọ mé jẹ ní èdè tí kò gbọ́, nípa òfin tí kò kà rí?

Ẹ jẹ́ kí a rántí ìtàn Sùsánà nínú ìwé Dáníẹ́lì, èyí tí àwa ọmọ Ìjọ Kátólíìkì ní nínú Bíbélì wa. Àwọn àgbààgbà méjì tó jẹ́ onídàájọ́ fi ẹ̀sùn èké kan obìnrin yìí, gbogbo ìjọ ènìyàn sì gbà wọ́n gbọ́ nítorí ọjọ́ orí àti ipò wọn. Wọ́n ti dá a lẹ́bi ikú, wọ́n sì ti ń mú un lọ, kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ké pé òun kò lọ́wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Kí ni Dáníẹ́lì ṣe? Ó ní kí wọ́n ya àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, ó sì bi ẹnì kọ̀ọ̀kan léèrè irú igi tó rí i lábẹ́ rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ dárúkọ igi kan, ẹnì kejì dárúkọ igi mìíràn, irọ́ sì tú. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò gan-an ni Dáníẹ́lì ṣe ní ọjọ́ náà. Kò ju ìbéèrè kan lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sunkún, tó ń wo ikú lójú, kò lè ronú béèrè rẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó níláti bá a béèrè.

Ìjọ Mímọ́ náà ní àpẹẹrẹ tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Bretagne, tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n bí Yves Hélory ní ọdún 1253. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Paris àti ní Orléans, ó di adájọ́ nínú ilé ẹjọ́ Ìjọ ní Rennes, lẹ́yìn náà ní Tréguier, ó sì di àlùfáà. Adájọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú àwọn ilé ẹjọ́ mìíràn a máa dìde gbèjà àwọn òtòṣì lọ́fẹ̀ẹ́, a sì máa bẹ̀ wọ́n wò nínú ẹ̀wọ̀n. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 1303, Póòpù Klémẹ́ǹtì Kẹfà sì kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní ọdún 1347. Òun ni alábòójútó àwọn agbẹjọ́rò títí di òní, alágbàwí àwọn tálákà sì ni orúkọ tí àwọn ènìyàn fi ń rántí rẹ̀.

Ohun tó dára ni Yves Mímọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan: àwọn òtòṣì tí kò sí Yves ní ìlú tiwọn ńkọ́? Bí ìdájọ́ òdodo bá dúró lé ọkàn rere ẹnì kan ṣoṣo, ní ọjọ́ tí ẹni náà bá kú, òdodo náà yóò wọ ilẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ibi tí àánú ti gbọ́dọ̀ di òfin nìyẹn. Láti fi èyí yé wa, a ó sọ ìtàn ọkùnrin tálákà kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí pé ẹjọ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere ju àlàyé lọ.

Clarence Earl Gideon ni orúkọ rẹ̀. Ẹni 50 ọdún ni nígbà náà, ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ láti kékeré, kò ní owó, ó sì ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ní ìdájí ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 1961, àwọn olè fọ́ ilé ìgbafẹ́ kan ní Panama City, ní ìpínlẹ̀ Florida. Wọ́n kó owó wẹ́wẹ́ inú ẹ̀rọ tó ń ta sìgá àti ti ẹ̀rọ tó ń kọrin, wọ́n sì kó ohun mímu. Ọkùnrin kan wá sọ pé òun rí Gideon tó ń jáde láti inú ilé náà, ni àwọn ọlọ́pàá bá mú un.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n gbé e wá síwájú adájọ́. Gideon sọ pé òun kò ní owó, ó sì bẹ̀bẹ̀ kí ilé ẹjọ́ fún òun ní agbẹjọ́rò. Adájọ́ dá a lóhùn pé òfin Florida kò fàyè gba irú èyí, àfi fún ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ bá la ikú lọ. Adájọ́ náà kò purọ́. Ní ọdún 1932, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà ti sọ nípa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní ìpínlẹ̀ Alabama, tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún ní wàràwàrà, pé kò tọ́ kí a dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láìsí agbẹjọ́rò gidi. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1942, ilé ẹjọ́ yìí kan náà sọ pé bí ẹjọ́ kò bá la ikú lọ, ìpínlẹ̀ kò jẹ tálákà ní gbèsè agbẹjọ́rò, àfi bí ọ̀ràn rẹ̀ bá ní ìdí pàtàkì. Gideon dìde, ó ń gba ẹjọ́ ara rẹ̀ rò. Ó bi àwọn ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè bí agbára rẹ̀ ti mọ, ó sì bá àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́ náà sọ̀rọ̀. Wọ́n dá a lẹ́bi. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ni adájọ́ fún un.

Láti inú ẹ̀wọ̀n, Gideon mú pẹ́ńsù àti ìwé tí wọ́n ń fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1962 ni ìwé náà dé ibẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wọlé, wọ́n sì yan Abe Fortas, ọ̀kan nínú àwọn agbẹjọ́rò tó lókìkí ní ìlú Washington, láti bá a sọ̀rọ̀. Ìpínlẹ̀ Florida kọ̀wé sí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù pé kí wọ́n wá ti òun lẹ́yìn. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé méjì péré ló tì í lẹ́yìn. Ìpínlẹ̀ 22 ló sọ fún ilé ẹjọ́ pé Gideon ni ó jàre.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1963, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fi ẹnu kò pé ẹnikẹ́ni tí a bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá kàn, tí kò sì lówó, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un ní agbẹjọ́rò. Hugo Black ló kọ ìdájọ́ náà, òun tó ti wà lára àwọn díẹ̀ tí kò gbà pẹ̀lú ìdájọ́ ọdún 1942. Ìdí tó fi lélẹ̀ rọrùn láti yé ọmọdé. Ó ní ìjọba ń ná owó rẹpẹtẹ láti gba agbẹjọ́rò tí yóò fi ẹ̀sùn kan ènìyàn, ẹni tó bá sì lówó kì í jáfara láti gba agbẹjọ́rò tí yóò gbèjà rẹ̀. Bí ìjọba àti olówó bá mọ̀ pé àwọn kò lè ṣe é láìsí agbẹjọ́rò, a jẹ́ pé kòṣeémánìí ni agbẹjọ́rò ní ilé ẹjọ́, kò sì sí ẹni tó lè pè é ní afẹ́ fún tálákà.

Ẹ fetí sí ìparí rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1963, wọ́n tún ẹjọ́ Gideon gbọ́. Ilé ẹjọ́ kan náà ni, adájọ́ kan náà ni, ẹ̀sùn kan náà ni, ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ náà sì tún wá. Ohun tuntun tó ṣe pàtàkì jùlọ ni agbẹjọ́rò kan, Fred Turner, tó jẹ́ ọmọ àdúgbò, tó sì ti fara balẹ̀ wádìí ọ̀ràn náà. Ó béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wá níta ní ìdájí náà, ó sì mú kí àwọn tó ń gbọ́ rò ó pé bóyá ńṣe ni ọkùnrin yìí ń ṣọ́nà fún àwọn olè gidi. Awakọ̀ tasí tó gbé Gideon ní òwúrọ̀ náà jẹ́rìí pé kò gbé ohun mímu kankan lọ́wọ́. Nǹkan bíi wákàtí kan péré ni àwọn tó ń dá ẹjọ́ fi gbìmọ̀, wọ́n sì ní kò jẹ̀bi. Ọkùnrin náà ti lo ọdún méjì lẹ́wọ̀n kí ó tó rí ẹni bá a béèrè ìbéèrè.

Àwọn kan yóò wí pé: “Ẹ̀yin ará, ṣé owó ìlú ni kí a máa fi gbèjà olè, nígbà tí ilé ìwòsàn kò ní oògùn?” Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, ẹni tí olè ti jà rí kò ṣeé bá wí bí ó bá sọ ọ́. A ní ìdáhùn mẹ́ta fún un. Èkíní ni pé ẹni tí a mú kò tíì di olè. Ẹjọ́ ni yóò sọ bí ó bá jẹ́ olè. Èkejì ni pé bí a bá ti aláìṣẹ̀ mọ́lé, olè gidi ṣì ń rìn kiri nínú ọjà, ó sì ń wo ilé ẹni tí yóò kàn. Agbẹjọ́rò tó fi hàn pé ìjọba ti mú ẹni tí kì í ṣe òun ń ṣe ẹni tí wọ́n jà lólè ní oore. Ẹ̀kẹta ni pé àtìmọ́lé pàápàá ń náni lówó. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n lọ́dún púpọ̀ láìgbọ́ ẹjọ́ ń jẹun lọ́wọ́ ìlú, oko rẹ̀ di igbó, àwọn ọmọ rẹ̀ fi ilé ìwé sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ di ẹni tí ìjọ àti ẹbí ń gbé bùkátà rẹ̀. Àìsan owó agbẹjọ́rò kì í sọ wá di olówó. Àpò mìíràn ni owó náà ń gbà jáde.

Ọ̀nà tí àwọn orílẹ̀-èdè gbà ń san gbèsè yìí kò dọ́gba. Ilẹ̀ Faransé ṣe òfin ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tálákà ní ilé ẹjọ́ ní ọdún 1851, ṣùgbọ́n fún ọdún tó ju 100 lọ, ńṣe ni àwọn agbẹjọ́rò ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́; ọdún 1972 ni òfin tó ní kí ìjọba máa san owó fún wọn dé. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1949. Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Nàìjíríà, ọdún 1976 ni ìjọba dá àjọ tó ń pèsè agbẹjọ́rò fún aláìní sílẹ̀. Ní Màláwì, níbi tí agbẹjọ́rò kò pọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000 sí í rán àwọn tí wọ́n ti kọ́ ní ìwọ̀nba òfin wọ inú ẹ̀wọ̀n, láti ṣàlàyé ẹ̀tọ́ fún àwọn òǹdè, láti wá àwọn tí ìjọba ti gbàgbé sí àtìmọ́lé, kí wọ́n sì mú orúkọ wọn lọ síwájú adájọ́. Ní ọdún 2004, níbi ìpàdé kan ní Lilongwe, olú ìlú Màláwì, àwọn aṣojú láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà gbà pé irú ọ̀nà yìí yẹ fún wa, nítorí pé kò dúró de ọjọ́ tí agbẹjọ́rò yóò kárí ìlú. Amẹ́ríkà pàápàá kò tíì san gbèsè náà tán, nítorí pé ẹjọ́ tí wọ́n ń dì lé agbẹjọ́rò kan lórí níbẹ̀ máa ń pọ̀ ju ohun tó lè fi ojú tó lọ. Òfin tí kò ní owó nínú dà bí ìkòkò tí kò ní omi: a lè gbé e rù, ṣùgbọ́n kò pa òǹgbẹ.

Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Gbogbo wa ni a rántí Àpérò Orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì ọdún 1990, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù wa Isidore de Souza jẹ́ alága rẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni Òfin ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 ti jáde. Abala 17 rẹ̀ sọ pé ẹni tí a fẹ̀sùn kàn jẹ́ aláìṣẹ̀ títí di ìgbà tí ẹjọ́ gbangba bá fi hàn pé ó jẹ̀bi, nínú ẹjọ́ tí a ti fún un ní gbogbo ohun tó yẹ kí ó fi gbèjà ara rẹ̀. Abala 18 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ti ènìyàn mọ́lé ju wákàtí 48 lọ láìjẹ́ pé adájọ́ tí wọ́n mú un dé iwájú rẹ̀ ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀, àti pé àkókò náà kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 8 lọ, ìyẹn náà ní ìgbà tí ọ̀ràn bá le gan-an. Òfin yìí kan náà sọ ẹ̀tọ́ inú Ìwé Àdéhùn Áfíríkà ti ọdún 1981 di ara rẹ̀, abala 7 Ìwé Àdéhùn náà sì dárúkọ ẹ̀tọ́ láti ní alágbàwí. Nínú ẹ̀sùn ọ̀daràn tó wúwo jùlọ, ilé ẹjọ́ a máa yan agbẹjọ́rò fún ẹni tí kò ní. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀sùn tó kéré sí i, èyí tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ wa jùlọ, ọ̀pọ̀ ló ń dá dúró níwájú adájọ́. Púpọ̀ nínú àwọn agbẹjọ́rò sì wà ní Kútọnù, ó jìnnà sí abúlé wa.

Kí ni iṣẹ́ tiwa, àwa ìjọ? A kò lè gba ipò ìjọba, kò sì yẹ kí a gbà á. Ṣùgbọ́n a lè mọ iye wákàtí tí òfin sọ, kí a sì béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá bí wọ́n bá mú ọmọ ẹnì kan. A lè yan àwọn tó gbọ́ Faransé àti Yorùbá dáadáa láàrin wa, kí wọ́n máa bá ìdílé tó wà nínú wàhálà ka ìwé tí ilé ẹjọ́ fi ránṣẹ́. Àwọn tó ń bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò lè mú ìwé àkọsílẹ̀ dání pẹ̀lú ọṣẹ àti oúnjẹ, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n mú ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí ó dé iwájú adájọ́ gbẹ̀yìn, kí wọ́n sì mú un lọ fún ẹni tó lè ṣe nǹkan sí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà ní yunifásítì, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ òfin wà fún olówó nìkan. Ẹ̀yin tí Ọlọ́run ti sọ di agbẹjọ́rò, ẹ ya ọjọ́ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ọdún fún àwọn tí kò lè sanwó. Ẹ sì jẹ́ kí gbogbo wa jáwọ́ nínú fífi owó ẹ̀yìn ṣe ọ̀ràn. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Owó tí a fi ń ra èké fún ọmọ tiwa ni ó ń ti ọmọ ẹlòmíràn mọ́lé.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a máa sọ fún àwọn tí a dìbò fún pé owó agbẹjọ́rò fún aláìní yẹ kí ó wà nínú ìṣirò owó ìlú lọ́dọọdún, bí owó ilé ìwé àti owó omi ti wà níbẹ̀. Ohùn ìjọ tó péjọ kì í ṣe ohùn ẹnì kan.

Ẹ̀yin ará nínú Krístì, nínú àdúrà wa ni a ti ń pe Ìyá wa Màríà ní Alágbàwí. Olúwa wa sì ṣèlérí Ẹ̀mí Mímọ́ fún wa pé yóò jẹ́ Alágbàwí tí yóò bá wa gbé. Àwa tí a mọ̀ pé a kò lè dá dúró níwájú Adájọ́ ọ̀run láìsí ẹni tí yóò bá wa sọ̀rọ̀, báwo ni ara yóò ṣe rọ̀ wá nígbà tí aládùúgbò wa bá dá dúró níwájú adájọ́ ayé? Kí Ọlọ́run fi ọgbọ́n Dáníẹ́lì àti ọkàn Yves Mímọ́ fún wa. Kí ó ṣe ọdún Jùbélì yìí ní ọdún ìtúsílẹ̀ fún gbogbo ẹni tí wọ́n dè láìṣẹ̀. Àmín.